Dókítà ẹranko, kọmíṣánnà, sẹ́nétọ̀, olùkọ́ yunifásítì: èwo gan-an ni Ìyábọ̀ Ọbásanjọ́?

Ìgbàkígbà tí orúkọ Ìyábọ̀ Ọbásanjọ́ bá ti jáde nínú ìròyìn, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Àbújá. Ẹnì kan á ní dókítà ni. Ẹlòmíràn á ní dókítà kọ́, ẹranko ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú. Ẹnì kẹta á ní ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Amẹ́ríkà. Àgbà kan á wá bá wọn parí ẹ̀ pé kí wọ́n má dààmú ara wọn, bàbá ẹ̀ ló fún un ní gbogbo ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Kubwa, mo sì ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ Nyanya. Ọ̀rọ̀ náà kì í lójú, torí pé oyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra wọn.

Mo fẹ́ tú wọn sọ́tọ̀. N kò wá gbè é lẹ́yìn, n kò sì wá ta ko ìṣèlú rẹ̀. Ohun tó ká mi lára ni pé ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín oyè tí wọ́n fi ìdánwò gbà, ipò tí wọ́n fi ìbò wọ̀, àti ipò tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ènìyàn sí, kò lè dá ẹjọ́ ọmọ olórí kankan bó ṣe yẹ.

## Ta ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Àkọ́bí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ àti Olúrẹ̀mí, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ni. Ọdún 1967 ni wọ́n bí i, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa Murtala Muhammed ní oṣù Kejì 1976, tí bàbá rẹ̀ di olórí ìjọba ológun, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí bàbá náà gbé ìjọba fún Shehu Shagari ní oṣù Kẹwàá 1979, ọmọ ọdún méjìlá ni. Ó lọ sí Capital School ní Kàdúná, ó tún lọ sí Queen's College ní Èkó. Ẹ jẹ́ ká rántí Kàdúná yẹn, torí pé ọ̀pọ̀ ló rò pé Òkè Ọya kò kàn án títí ó fi wọ Ilé Aṣòfin.

## Dókítà wo ni?

Oríṣi ènìyàn mẹ́rin là ń pè ní dókítà ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni dókítà oníṣègùn tó ń tọ́jú ènìyàn. Èkejì ni dókítà ẹranko. Òun náà lo ọdún púpọ̀ ní yunifásítì, ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ń kọ oògùn, àmọ́ aláìsàn tirẹ̀ kò lè fi ẹnu sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ṣe ìwádìí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì dúró níwájú àwọn àgbà nínú ìmọ̀ náà láti gbèjà ohun tó kọ. Òun là ń pè ní ọ̀mọ̀wé; PhD nìyẹn. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí yunifásítì kàn fi oyè dá lọ́lá, tí kò jókòó sí kíláàsì kankan nítorí rẹ̀.

Ìyábọ̀ Ọbásanjọ́ wà lára àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó sì tún wà lára àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó gba oyè dókítà ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1988. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó gba oyè másítà ní Yunifásítì California, ní Davis, ní 1990, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní Cornell, ní ìpínlẹ̀ New York, ní 1994. Epidemiology ló kà níbi méjèèjì. Kò gba oyè dókítà oníṣègùn ènìyàn. Ẹni tó ní dókítà ni jàre, ẹni tó ní kì í ṣe irú dókítà tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ bá ní ọ̀gànjọ́ òru náà jàre.

Bàbá rẹ̀ náà di ọ̀mọ̀wé, àmọ́ ọmọ ti ṣáájú rẹ̀ tipẹ́. Ọdún 2018 ni bàbá gba tirẹ̀, nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn Kristẹni, ní National Open University tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní Jabi. Kì í ṣe oyè ìdálọ́lá rárá. Bàbá jókòó, ó kàwé, wọ́n sì yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

## Kí ni wọ́n ń pè ní epidemiology?

Ìmọ̀ nípa bí àrùn ṣe ń tàn ká láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn tàbí ọ̀pọ̀ ẹranko ni. Bí òrùlé bá ń jò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé abọ́ sábẹ́ omi tó ń kán, ẹlòmíràn sì gbọ́dọ̀ gun òkè lọ wo ibi tí páànù ti lu. Dókítà tó wà ní wọ́ọ̀dù ni ẹni tó gbé abọ́, a kò sì lè ṣe aláìní i. Onímọ̀ epidemiology ni ẹni tó gun òkè.

Ìbéèrè ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ ṣàìsàn? Ọjọ́ wo? Kí ni àwọn tó ṣàìsàn jọ jẹ, kí ni wọ́n jọ mu, kí ni wọ́n jọ fọwọ́ kàn? Àwọn wo ló ń gbé ládùúgbò kan náà tí kò ràn, kí ni àwọn yẹn kò ṣe tí àwọn tó kù ṣe? Bí ìgbẹ́ ọ̀rìn bá bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kan, irú ìbéèrè báyìí ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ kànga tó yẹ kí wọ́n tì pa, kí ẹni tí kò tíì mu níbẹ̀ má bàa mu.

## Kí ló kan dókítà ẹranko nínú àìsàn ènìyàn?

Ibí yìí ló ń rú àwọn ènìyàn lójú jù, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí pé àwa tí a wà lápá Òkè Ọya ló yẹ kó yé jù lọ.

Ọ̀pọ̀ àrùn tó ń pa ènìyàn ló jẹ́ pé ara ẹranko ló ti ń wá. Ajá dìgbòlugi kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ajá bá ti bu ènìyàn jẹ, dókítà oníṣègùn ló máa gún ẹni náà lábẹ́rẹ́. Àmọ́ ká ní dókítà ẹranko ti gún ajá náà lábẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kì bá tí dé ilé ìwòsàn. Ibà Lassa ń kọ́? Lassa, orúkọ abúlé kan ní Borno ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàkíyèsí àrùn náà ní 1969, eku ilé ló sì ń gbé e kiri. Wàrà tútù tí wọn kò sè náà lè kó ikọ́ ẹ̀gbẹ àwọn màlúù fún ẹni tó mu ún.

Ẹ wo ti ọdún 2006. Lóko adìẹ kan ní Jaji, lójú ọ̀nà Kàdúná sí Zaria, adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìwọ̀nba àrùn tí àwọn olóko mọ̀ kò dà báyìí. Àwọn tó yẹ òkú adìẹ náà wò ni àwọn ará Vom, nítòsí Jos, ilé ìwádìí àrùn ẹranko tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1924 nígbà tí àrùn màlúù kan tí wọ́n ń pè ní rinderpest ń gbá agbo ẹran lọ. Wọ́n fi ohun tí wọ́n gbà lára adìẹ ránṣẹ́ sí Padova ní Ítálì, ní oṣù Kejì èsì sì jáde: bird flu ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní H5N1, Jaji yìí sì ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti rí i ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí àrùn kan náà fi pa ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan ní Èkó, ní oṣù Kìíní 2007. Lára adìẹ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà ẹranko ló kọ́kọ́ rí i, kí dókítà ènìyàn kankan tó mọ̀ pé ó ti dé.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti pọ̀nmọ́. Ní oṣù Kẹfà 2023, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kìlọ̀ pé ká yéé jẹ pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́, torí pé anthrax ti bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wa, wọ́n ní ìjọba tún fẹ́ gba pọ̀nmọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí àrùn náà lóko kan ní Gajiri, ní ìpínlẹ̀ Niger, lójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná gan-an. Kòkòrò anthrax lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìkú, omi gbígbóná lásán kì í sì í tètè pa á. Ẹni tó bá kun ẹran tó kú fúnra rẹ̀, tàbí tó ń fọwọ́ pa awọ rẹ̀, lè kó o láti ojú ọgbẹ́ kékeré kan lọ́wọ́. Ìdí tí wọ́n fi dárúkọ pọ̀nmọ́ nìyẹn: awọ ni, kò sì sí bí ẹni tó ń rà á lọ́jà ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n pa ẹran náà ni tàbí ó kú fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kọ́ ìtọ́jú ẹranko, tó tún wá lọ kọ́ bí àrùn ṣe ń tàn ká, ọ̀rọ̀ ìlera ará ìlú kì í ṣe ilé onílé fún un.

## Ṣé òfin gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ kọmíṣánnà ìlera?

Ó gbà á. Ní 2003, nígbà tí Gbénga Daniel di gómìnà Ògùn, ó yan Ìyábọ̀ ṣe kọmíṣánnà ìlera. Ohun tí ìwé òfin wa sọ ni pé gómìnà á fa ènìyàn kalẹ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ á sì fọwọ́ sí i. Kò sọ pé kọmíṣánnà ìlera gbọ́dọ̀ jẹ́ oníṣègùn, kò sì sọ pé ti ètò ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ tíṣà. Kọmíṣánnà kì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Owó, òṣìṣẹ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibi tí wọ́n máa kọ́ ilé ìwòsàn sí, ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó mọ bí àrùn ṣe ń rìn láti ìlú dé ìlú yẹ fún ipò yẹn tó ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń la ikùn.

Àmọ́ pé ẹnì kan yẹ fún ipò kò sọ bó ṣe dé ibẹ̀ fún wa.

## Èwo ni orúkọ bàbá ṣe, èwo ni orí ọmọ ṣe?

Ẹ jẹ́ ká to ọdún ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún bàbá. Ọ̀nà yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, torí pé ọdún kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Bàbá kúrò lórí oyè ní 1979, ó lọ ṣe àgbẹ̀ ní Ọ̀tà. Nígbà tí ọmọ di dókítà ẹranko ní 1988, Babangida ló wà níjọba. Òun náà ló ṣì wà níbẹ̀ nígbà ti Davis ní 1990. Nígbà ti Cornell ní 1994, Abacha ti dé, kò sì pẹ́ tí Abacha fi mú bàbá náà ní 1995. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Jos wà lára ibi tí wọ́n gbé e lọ, Yola sì ni ó wà kẹ́yìn, títí Abacha fi kú ní 1998. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwé ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tí ọmọ gbà nígbà tí àṣẹ wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

N kò ní sọ fún yín pé orúkọ ẹni tó ti ṣolórí ìjọba kò wúlò nígbà náà. Ó wúlò. Kì í ṣe gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó já fáfá ní Ìbàdàn lọ́dún 1988 ló rí ọ̀nà àti owó ọkọ̀ òfuurufú dé California. Ìlẹ̀kùn àbáwọlé ṣí fún un ju bó ṣe ṣí fún ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ìmẹ̀kọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọlé tán, ìwé kan náà ni gbogbo wọn jọ ń kà, àwọn tó sì jókòó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ní Cornell kì í dìbò ní Ògùn.

Ẹ wá wo apá kejì. Bàbá padà di ààrẹ ní 1999. Ní 2003, wọ́n tún un yàn, ẹgbẹ́ rẹ̀, PDP, sì gba gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá lápá Ìwọ̀ Oòrùn àyàfi Èkó. Ọdún yẹn gan-an ni ọmọ di kọmíṣánnà. Ní oṣù Kẹrin 2007, ó wọlé sẹ́nétọ̀ fún Àárín Gbùngbùn Ògùn, bàbá rẹ̀ ṣì wà ní Aso Rock. Ó ku bí oṣù kan kó kúrò níbẹ̀. Ní 2011, ó tún gbé àpótí, bàbá kò sí nípò mọ́, ẹgbẹ́ ACN ti dé, ó sì fìdí rẹmi.

Ẹni tó bá wo ìlà méjèèjì yìí á rí i pé wọn kò jọra. Ìwé tó kà dúró láìsí bàbá. Ipò ìṣèlú rẹ̀ wá ní àsìkò bàbá, ó sì lọ nígbà tí àsìkò náà lọ. Èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni lè fi òótọ́ inú sọ pé orúkọ Ọbásanjọ́ kò ṣe nǹkan kan nínú ti 2003 àti 2007. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò gbà pẹ̀lú àgbà wa tó ní bàbá ló fún un ní gbogbo ẹ̀. Ìdajì ni bàbá ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ìdajì yẹn sì ni èyí tí kò tọ́jọ́.

Ẹ lè fi ọ̀nà kan náà wo àwọn mìíràn. Hadiza Bala Usman, tí wọ́n bí ní Zaria, ọmọ Yusufu Bala Usman ni, onímọ̀ ìtàn tó kọ́ni ní Ahmadu Bello University. Bàbá náà kú ní 2005. Ọdún 2016 ni Buhari fi ọmọ yìí ṣe ọ̀gá àgbà àwọn èbúté Nàìjíríà, lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú El-Rufai ní Kàdúná. Ipò àfọwọ́yàn ni lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ tó yàn án kì í ṣe ọwọ́ bàbá rẹ̀.

## Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n ni?

Lẹ́yìn ìṣèlú, ó padà sí Amẹ́ríkà, ó sì kọ́ni ní College of William and Mary, ní Virginia, lẹ́ka tó ń rí sí ìmọ̀ ìlera. Ilé ẹ̀kọ́ náà ti wà láti 1693.

Ní Nàìjíríà, orí òkè pátápátá ni ọ̀jọ̀gbọ́n wà. Olùkọ́ á gun àkàsọ̀ láti ìsàlẹ̀, á máa tẹ ìwádìí jáde, títí wọ́n á fi kó iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn àgbà láti yunifásítì mìíràn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Amẹ́ríkà, ìpele mẹ́ta ló ń jẹ́ professor, olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ sì lè wà ní èyí tó kéré jù nínú wọn. Gbogbo wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kí ní professor. Bí ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà bá wá kọ professor, tí oníròyìn wa sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, ohun tó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Olùkọ́ yunifásítì ló ṣe níbẹ̀. Èyí tó dájú nìyẹn, kò sì kéré.

## Kí ló bá wá sí Àbújá, kí ló sì kù níbẹ̀?

Sẹ́nétọ̀ 109 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣoṣo fún àwa ará Àbújá. Àwọn olórí ilé ló ń yan alága ìgbìmọ̀ kéékèèké, wọ́n sì fi Ìyábọ̀ ṣe alága ìgbìmọ̀ ìlera. Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀.

Ohun tó tóbi jù tó kọjá lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ náà lásìkò rẹ̀ ni àbá òfin ìlera orílẹ̀-èdè. Títí di ìgbà náà, kò sí òfin kan ṣoṣo tó sọ ẹni tí ìlera wà níkàáwọ́ rẹ̀ láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ilé méjèèjì parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 2011, àmọ́ ààrẹ Jonathan kò fọwọ́ sí i, àbá náà sì kú mọ́ ilé yẹn lọ́wọ́. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn tún gbé e dìde, ó sì di òfin ní 2014.

Òfin náà ní, ó kéré tán, kí wọ́n máa yọ náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún láti inú àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé (primary health care). Ọdún 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ wọ inú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Bí òfin náà ṣe pín in, ìdajì rẹ̀ á gba ọ̀nà ètò ìbánigbófò ìlera lọ, fún ìtọ́jú tó ṣe kókó jù lọ. Nínú ìdajì tó kù, ìpín 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà wà fún oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, 15 fún ilé, irinṣẹ́ àti ọkọ̀, 10 fún òṣìṣẹ́, 5 fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Bí ẹ bá dé ibùdó ìlera ìjọba tó wà ládùúgbò yín, ní Kubwa tàbí Karu tàbí Gwagwalada, tí wọ́n ní kò sí oògùn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ará àdúgbò tó ń bójú tó ibùdó náà pé owó ìlera alábọ́ọ́dé tó wọlé kẹ́yìn ńkọ́, kí ni wọ́n sì fi rà.